Fèrè Ọdẹ Nínú Ọkọ̀ Ológun Àtijọ́

Àwọn baba wa a máa wí pé, ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò mọ ohun tí ń jẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Síbẹ̀, bí ó bá jókòó lónìí sínú ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ kan tí àwọn ológun ilẹ̀ Amẹ́ríkà lò, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ M35, yóò rí i pé àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà ti fi irin àti wáyà ṣe fèrè ọdẹ sínú rẹ̀. Fèrè náà fara pamọ́ sí ẹ̀yìn pátákó tí a to àwọn aago ọkọ̀ sí níwájú awakọ̀. Kì í kọrin, bẹ́ẹ̀ ni kì í sọ̀rọ̀; ńṣe ni ó ń kùn kíkankíkan bí agbo oyin tí a dà láàmú. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni a fi rán an, òun náà ni pé kí ó sọ fún awakọ̀ pé afẹ́fẹ́ tí ń ran bíréèkì rẹ̀ lọ́wọ́ kò tó, kí ó dúró.

Ọ̀rọ̀ fèrè yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ, àti ọ̀rọ̀ ìkejì rẹ̀, èyíinì ni àsẹlẹrétọ̀, irin ìtẹsẹ̀ tí awakọ̀ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré. Ó lè ya àwọn mìíràn lẹ́nu pé a kó àwọn méjèèjì pọ̀, nítorí pé ọ̀kan wà fún eré sísá, èkejì sì wà fún dídúró. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá wa dé ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ẹ ó rí i pé agbo ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, àti pé bí ara kò bá dẹ ọ̀kan, ara kì í pẹ́ ni èkejì náà.

AWAKỌ̀ KAN NÍ ÒWÚRỌ̀

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo awakọ̀ kan ní ìgbèríko ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó ra ọkọ̀ M35 níbi tí ìjọba ti ń lu ọkọ̀ ológun tí ó ti fẹ̀yìn tì ní gbàǹjo. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣí súìsì, lẹ́sẹ̀kan náà ni fèrè bẹ̀rẹ̀ sí kùn, nítorí pé afẹ́fẹ́ inú táńkì ti jò tán láti òru. Ó tan ẹ́ńjìnnì, fèrè kò dákẹ́. Bí ara ti ń kán an, ó fa ọ̀pá kékeré kan tí orí rẹ̀ rí roboto, tí ó wà lára pátákó iwájú rẹ̀. Ọ̀pá yìí ni tọ́tù ọwọ́. Iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ ń ṣe lórí àsẹlẹrétọ̀ ni òun náà ń ṣe, àfi pé ibi tí a bá fà á dé ni yóò dúró sí títí a ó fi tì í padà. Ẹ́ńjìnnì ké, afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí kún, fèrè dákẹ́. Inú awakọ̀ dùn, ó sì kó sí ojú ọ̀nà.

Kò tíì rìn jìnnà tí ó fi dé orí òkè kan tí ó ní oríta nísàlẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àsẹlẹrétọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò dẹwọ́. Ńṣe ni ó ń ti ara rẹ̀ síwájú bí akọ màlúù tí ó já okùn. Awakọ̀ tẹ bíréèkì, ó gbé ẹsẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ́ńjìnnì ń tì, bíréèkì ń fà, ó tẹ̀ ẹ́ tó ìgbà mẹ́wàá kí ó tó dé ìsàlẹ̀ òkè. Nígbà tí ó fi máa dé oríta, abẹ́rẹ́ aago afẹ́fẹ́ ti wálẹ̀, fèrè sì tún ti bẹ̀rẹ̀ ariwo rẹ̀.

Ó délé tìjàyàtìjàyà, ó ní àìsàn méjì ni ó ń ṣe ọkọ̀ òun: àsẹlẹrétọ̀ ń há, fèrè bíréèkì sì ti ya wèrè. Aládùúgbò kan ní kí ó gé wáyà fèrè náà kí etí rẹ̀ lè sinmi. Òmíràn ní kí ó ra pọ́ọ̀ǹpù epo tuntun. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹni tí ó na ọwọ́ sí ọ̀pá kékeré tí awakọ̀ fúnra rẹ̀ fà ní òwúrọ̀, tí ó sì gbàgbé láti tì padà.

A kò sọ ìtàn yìí láti fi awakọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. A sọ ọ́ nítorí pé ọ̀nà tí àwọn mẹ́ta yìí gbà ronú ni púpọ̀ nínú wa ń gbà ronú nígbà tí ohun kan bá bàjẹ́ nílé, ní ilé ẹ̀kọ́ tàbí nínú ìlú. Ẹnì kan ka àmì sí àìsàn, èkejì fẹ́ pa oníṣẹ́ lẹ́nu mọ́, ẹ̀kẹta fẹ́ fi owó ra ohun tí kò bàjẹ́.

ỌKỌ̀ NÁÀ ÀTI ÌRAN RẸ̀

Ó yẹ kí a mọ ẹni tí a ń dá ẹjọ́ rẹ̀. Ní 1950 ni ilé iṣẹ́ Reo, ní ìlú Lansing ní ìpínlẹ̀ Michigan, bẹ̀rẹ̀ sí ṣe irú ọkọ̀ yìí fún àwọn ológun Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ tọ́ọ̀nù méjì-ààbọ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé 5,000 pọ́n-ùn ni ẹrù tí a ní kí ó máa rù nínú igbó àti ẹrẹ̀. Lórí ọ̀nà tí ó dán, ó lè ru ìlọ́po méjì rẹ̀. Táyà 10 ni ó fi ń rìn, ẹ́ńjìnnì sì lè yí gbogbo wọn, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn. Èyí tí ó lókìkí jù nínú ìdílé náà ni M35A2. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 6 tirẹ̀ kì í yan epo: a máa mu dísù, a máa mu karosíìnì, a máa mu epo ọkọ̀ òfuurufú, bí ó bá sì di dandan, a mu bẹntiróòlù. Ó ṣiṣẹ́ gidigidi nínú ogun Vietnam, ó sì dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀ tí Amẹ́ríkà fún ní ohun ìjà.

Láàárín ọdún 1990 sí 1999 ni irú ọkọ̀ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí gba ipò rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ológun Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò pa á kú. Àwọn àgbẹ̀ ra á, àwọn tí ó fẹ́ràn ohun àtijọ́ ra á. Ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ náà tún ní ètò kan, nípasẹ̀ ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ìtọ́jú igbó, tí a fi ń yá àwọn panápaná ìgbèríko ní ọkọ̀ tí àwọn ológun kò lò mọ́. Púpọ̀ nínú àwọn panápaná wọ̀nyí ni kì í gba owó oṣù; àgbẹ̀ ni wọ́n, oníṣòwò ni wọ́n, olùkọ́ ni wọ́n, tí ń fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ nígbà tí iná bá sọ. Bí a bá gbé táńkì omi tí ó gba 1,000 gálọ́ọ̀nù lé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, omi náà nìkan wúwo ju 8,000 pọ́n-ùn lọ, omi kì í sì í dúró jẹ́ẹ́ bí àpò símẹ́ńtì. Bí ọkọ̀ bá ń dúró, ńṣe ni ó ń rọ́ lọ síwájú. Ẹ wá rí i pé ẹni tí ó bá gé wáyà fèrè nínú irú ọkọ̀ yìí kò gé ariwo lásán. Ẹ̀mí ni ó fi ṣeré.

AFẸ́FẸ́ Ń RAN ÒRÓRÓ LỌ́WỌ́

Nínú M35, nǹkan méjì ni ó pawọ́ pọ̀ láti dá ọkọ̀ dúró, òróró àti afẹ́fẹ́. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, másítà tí ó wà lábẹ́ ibi ẹsẹ̀ rẹ̀ a ti òróró sínú páìpù. Òróró náà a dé inú ẹ̀rọ kan tí afẹ́fẹ́ ti ń dúró dè é. Afẹ́fẹ́ a fi agbára tirẹ̀ kún agbára ẹsẹ̀, òróró a sì fi agbára ńlá náà ti bàtà bíréèkì mọ́ inú ìlù irin tí ó wà ní ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí afẹ́fẹ́ bá tán, òróró kò kú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ awakọ̀ nìkan ni yóò máa bá ọkọ̀ tí òun àti ẹrù rẹ̀ ju 8 tọ́ọ̀nù lọ wọ ìjàkadì. Bíréèkì a le bí òkúta lábẹ́ ẹsẹ̀, ọkọ̀ kò sì ní tètè dúró.

Níbo ni afẹ́fẹ́ náà ti ń wá? Ẹ̀rọ kan wà lára ẹ́ńjìnnì tí ń fa afẹ́fẹ́, tí ń fún un pọ̀, tí ń kó o pamọ́ sínú táńkì. Nígbà tí táńkì bá kún, abẹ́rẹ́ aago a sún mọ́ 120 pọ́n-ùn lórí ìnṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá wálẹ̀ dé nǹkan bí 60, fèrè a ké.

Ibí yìí gan-an ni àsẹlẹrétọ̀ àti bíréèkì ti pàdé. Nítorí pé ẹ́ńjìnnì ni ó ń yí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń wọlé. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, afẹ́fẹ́ tuntun kò wọlé mọ́. Gbogbo ìgbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, owó àpamọ́ ni ó ń ná tí kò sì fi nǹkan kún un. Ọ̀nà yìí ni àsẹlẹrétọ̀ tí ó bàjẹ́ fi lè mú kí fèrè bíréèkì ké, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tí ó ṣe bíréèkì rárá.

NÍGBÀ TÍ FÈRÈ BÁ Ń KÙN

Ibi pẹlẹbẹ ni a ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Kí awakọ̀ tó mú ìdè irin lọ́wọ́, kí ó kọ́kọ́ dúró, kí ó fi igi tàbí òkúta dí táyà, kí ó sì wo aago afẹ́fẹ́. Ẹlẹ́rìí méjì ni ó ní níbẹ̀, fèrè àti aago. Kí ó gbọ́ ẹjọ́ àwọn méjèèjì.

Bí fèrè bá ń kùn, tí aago sì wí pé afẹ́fẹ́ kéré, ẹnu àwọn ẹlẹ́rìí kò. Òótọ́ ni. Ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan. Ohun tí ó kù ni láti mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ni kò wọlé, tàbí ó ń wọlé tí ó sì ń jò. Kí a jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́. Bí abẹ́rẹ́ kò bá gòkè rárá, kí a wo bẹ́líìtì tí ń yí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ bóyá ó ti já tàbí ó ti dẹ̀. Kí a sì wo ẹnu omi tí ó wà lábẹ́ táńkì kọ̀ọ̀kan bóyá ẹnì kan ṣí i tí kò sì tì í. Ẹnu omi yìí wà nítorí pé afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ a máa sọ omi sílẹ̀ sínú táńkì. Ó yẹ kí a máa dà á nù lójoojúmọ́ bí iṣẹ́ bá parí, nítorí ìpẹtà ni omi náà ń bí, ìpẹtà a sì máa di àwọn fáàfù.

Bí abẹ́rẹ́ bá gòkè dáadáa, tí ó sì ń wálẹ̀ nígbà tí a bá pa ẹ́ńjìnnì, ibì kan ń jò. Kí a dákẹ́ kí a gbọ́. Etí a máa rí ohun tí ojú kò rí. Lẹ́yìn náà, kí a po omi ọṣẹ, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì pa á sí gbogbo oríkèé páìpù, ibi tí ó bá ń hó ni olè wà. Kí a má ṣe gbàgbé wáípà tí ń nu gíláàsì iwájú, nítorí pé nínú púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí afẹ́fẹ́ kan náà ni ó ń yí i. Bí kò bá jò àfi nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ti ń ran òróró lọ́wọ́ ni kí a kọ́kọ́ fura sí.

Bí fèrè bá ń kùn, ṣùgbọ́n tí aago wí pé afẹ́fẹ́ pọ̀, ẹlẹ́rìí kan ń parọ́. Kí a má ṣe yára dá fèrè lẹ́bi. Kí a wá aago mìíràn tí ó dá wa lójú, kí a fi wọn afẹ́fẹ́ inú táńkì. Bí aago kejì bá wí pé afẹ́fẹ́ pé, nígbà náà ni kí a wá yọ wáyà lára súìsì kékeré tí ń fi iṣẹ́ rán fèrè. Bí ariwo bá dá, súìsì náà ni ó bàjẹ́. Bí kò bá dá, wáyà ni ó bó tí ó sì ń kan irin níbì kan. Nígbà tí a bá tún un ṣe tán, kí a dá wáyà padà. Ẹni tí ó bá yọ ọ́ tí ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò tún nǹkan kan ṣe, nítorí orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ìgbà tí ó léwu jù lọ kì í ṣe ìgbà tí fèrè ń ké, ìgbà tí ó yẹ kí ó ké tí kò ké ni. Ọkọ̀ tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti tó ti bàbá àgbà, ìpẹtà lè ti jẹ wáyà rẹ̀, fèrè sì lè ti kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Nítorí náà, kí awakọ̀ máa dán an wò kí ó tó jáde. Kí ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kún, kí ó pa ẹ́ńjìnnì, kí ó sì ṣí súìsì láìtan ọkọ̀, lẹ́yìn náà kí ó máa tẹ bíréèkì léraléra títí abẹ́rẹ́ yóò fi sọ̀kalẹ̀. Bí ó bá sún mọ́ 60, fèrè gbọ́dọ̀ fọhùn. Bí kò bá fọhùn, ọkọ̀ kò lọ síbì kankan lọ́jọ́ náà.

OHUN TÍ FÈRÈ KÒ MỌ̀

A ní láti ṣọ́ra, kí a má ba à fi ìgbẹ́kẹ̀lé tí ó pọ̀ jù sára oníṣẹ́ kékeré yìí. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ nìkan ni ó mọ̀. Kò mọ ohunkóhun nípa òróró. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn M35A2, másítà kan ṣoṣo àti ọ̀nà òróró kan ṣoṣo ni ó wà fún gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bí róbà kan bá bẹ́ ní ẹsẹ̀ kan, òróró gbogbo ẹsẹ̀ yóò gba ibẹ̀ dànù. Afẹ́fẹ́ a kún fọ́fọ́, fèrè a dákẹ́ jẹ́ẹ́, ọkọ̀ kò sì ní bíréèkì. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí àlàáfíà nígbà gbogbo.

Ẹsẹ̀ awakọ̀ ni yóò jẹ́ fèrè níbi tí fèrè kò dé. Bí bíréèkì bá ń rọ̀ bíi kàn-ìn-kàn-ìn lábẹ́ ẹsẹ̀, afẹ́fẹ́ ti wọ inú òróró, níbi tí kò yẹ kí ó wọ̀. Bí ó bá ń lọ sílẹ̀ jù kí ó tó mú, bàtà bíréèkì ti jẹ, ó sì ń fẹ́ àtúnṣe, tàbí òróró ti dín. Bí ó bá le gbọin, tí ọkọ̀ kò sì fẹ́ dúró, ìrànlọ́wọ́ afẹ́fẹ́ ni kò dé. Kí a sì yẹ ẹ̀yìn táyà kọ̀ọ̀kan wò bóyá òróró ń sun níbẹ̀. Irú òróró tí a ó fi kún un pàápàá ń fẹ́ ìmọ̀. Láàárín ọdún 1980 sí 1989 ni àwọn ológun Amẹ́ríkà fi òróró bíréèkì tí a fi sílíkónì ṣe rọ́pò ti tẹ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ wọn, nítorí pé ti tẹ́lẹ̀ a máa fa omi mọ́ra, omi a sì bí ìpẹtà. Òróró méjèèjì kò gbọdọ̀ pàdé nínú páìpù kan. Ẹni tí kò bá mọ èyí tí ó wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, kí ó wádìí kí ó tó da ẹyọ kan sí i.

Ní ti bíréèkì ọwọ́, apá tí ń yí àwọn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ó ń dì mú, a sì ṣe é kí ọkọ̀ tí ó ti dúró má ba à rìn lọ. A kò ṣe é láti máa fi dá ọkọ̀ tí ń sáré dúró, àfi bí ọ̀ràn bá di ti ikú àti ìyè.

NÍGBÀ TÍ ÀSẸLẸRÉTỌ̀ BÁ ṢE AGÍDÍ

Àìsàn méjì ni àsẹlẹrétọ̀ máa ń ní. Ọ̀kan ni pé a tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ kò jẹ́. Èkejì ni pé a fi í sílẹ̀, òun kò fi ọkọ̀ sílẹ̀.

Ní ti èkíní, ènìyàn méjì ni ó yẹ iṣẹ́ náà. Kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹnì kan jókòó kí ó máa tẹ àsẹlẹrétọ̀ dé ìsàlẹ̀, kí èkejì ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, kí ó máa wo apá kékeré tí ó wà lára pọ́ọ̀ǹpù tí ń pín epo fún ẹ́ńjìnnì. Bí apá náà kò bá rìn dé òpin, àìsàn wà láàárín ẹsẹ̀ àti pọ́ọ̀ǹpù: ọ̀pá kan ti tẹ̀, oríkèé kan ti jẹ, tàbí ìdè kan ti tú. Bí apá náà bá rìn dé òpin, tí ọkọ̀ kò sì lágbára síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ àsẹlẹrétọ̀, ó ti di ti oúnjẹ ẹ́ńjìnnì. Kí a ṣí súìsì kí a fetí sí táńkì epo. Pọ́ọ̀ǹpù iná mànàmáná kan wà nínú rẹ̀, ó yẹ kí a gbọ́ ohùn rẹ̀. Kí a da omi inú àwọn asẹ́ epo nù, kí a pààrọ̀ àwọn tí ó ti dí. Kí a wo asẹ́ afẹ́fẹ́ pẹ̀lú, nítorí pé ẹ́ńjìnnì tí kò rí èémí mí kò lè ṣiṣẹ́ akínkanjú. Ohun kan ni kí a máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí a sì dán ọkọ̀ wò kí a tó kan òmíràn. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ ohun márùn-ún papọ̀, bí ọkọ̀ tilẹ̀ sàn, kò mọ èyí tí ó wò ó sàn.

Ní ti èkejì, kí a kọ́kọ́ wo tọ́tù ọwọ́. Kí a wo ẹní tàbí àkísà tí ó lè há sábẹ́ irin ìtẹsẹ̀. Kí a wo sípíríǹgì tí ń fa àsẹlẹrétọ̀ padà bóyá ó ti já, kí a sì fi òróró sí àwọn oríkèé tí ó ti gbẹ. Bí ó bá ṣe pé ojú ọ̀nà ni ó ti há, kí awakọ̀ má ṣe dààmú. Ọ̀pá mìíràn wà lára pátákó tí a ń fà láti pa ẹ́ńjìnnì. Kí ó fà á. Ṣùgbọ́n kí ó rántí ohun tí a ti wí: ẹ́ńjìnnì tí ó kú kò pèsè afẹ́fẹ́ mọ́. Kí ó má ṣe máa tẹ bíréèkì kí ó máa gbé ẹsẹ̀. Kí ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ó dì í mú títí ọkọ̀ yóò fi dúró.

ÀWỌN TÍ Ó WA BÀBÁ RẸ̀

Ó tọ́ kí a rántí àwọn kan tí orúkọ wọn kò gba iwájú nínú ìwé ìtàn. Kí M35 tó dé, GMC CCKW ni ọkọ̀ tọ́ọ̀nù méjì-ààbọ̀ tí àwọn ológun Amẹ́ríkà lò jù nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ó ju 500,000 tí a ṣe. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ 1944, ní ilẹ̀ Faransé, a dá ẹgbẹ́ ọkọ̀ kan sílẹ̀ tí a pè ní Red Ball Express, láti máa gbé epo, oúnjẹ àti ọta ìbọn lé àwọn ọmọ ogun tí ń sáré tẹ̀lé àwọn ará Jámánì. Títí di ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ni wọ́n fi ń rìn ní ọ̀sán àti ní òru, ọjọ́ kan sì wà tí wọ́n kó ju 12,000 tọ́ọ̀nù lọ. Nínú àwọn awakọ̀ mẹ́rin, nǹkan bí mẹ́ta ni ó jẹ́ ènìyàn dúdú. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń ru ẹrù ogun rẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n bá àwọn ọmọ ogun funfun gbé àgọ́ kan náà. Ọdún 1948 ni Ààrẹ Truman tó pa á láṣẹ pé kí ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ dópin.

Nínú àwọn ọkọ̀ náà, ohun ìdènà kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sáré kọjá ìwọ̀n, bí ó ti wù kí a tẹ àsẹlẹrétọ̀ tó. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ yọ ọ́ kúrò, nítorí pé ebi epo ń pa àwọn tí ó wà níwájú ogun. A kò lè fi ìjókòó ìrọ̀rùn wa dá wọn lẹ́bi. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n yọ, wọ́n mọ ìdí tí wọ́n fi yọ ọ́, wọ́n sì mọ ewu tí ó wà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ gba ewu nítorí ẹ̀mí ẹlòmíràn, àti ẹni tí ó gé wáyà fèrè nítorí pé ariwo rẹ̀ ń dí i lọ́wọ́ orin.

Ohun kejì tí ó wù wá nínú ìtàn náà kan ẹ̀yin olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn ológun Amẹ́ríkà rí i pé ìwé ìtọ́jú ọkọ̀ wà, ṣùgbọ́n ọmọ ogun kì í kà á. Ní 1951 wọ́n dá ìwé olóṣooṣù kékeré kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ PS. Ayàwòrán pàtàkì kan, Will Eisner, ni ó ń darí àwòrán inú rẹ̀ fún nǹkan bí 20 ọdún. Àwòrán ẹlẹ́rìn-ín àti ọ̀rọ̀ tí ọmọ ogun ń sọ lẹ́nu ni wọ́n fi kọ́ wọn bí a ti ń wo òróró, bí a ti ń da omi táńkì nù, bí a ti ń fetí sí ọkọ̀. Wọn kò ka ìmọ̀ ẹ̀rọ sí àwo tí àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan gbọdọ̀ gbọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ibi tí a ń lọ nìyí. Orílẹ̀-èdè lè fi owó ra ọkọ̀, ó lè fi owó ra ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ àti ẹ̀rọ omi. Ohun tí kò ṣeé fi owó rà ni ọmọ tí ó gbọ́ ariwo nínú ẹ̀rọ, tí kò sá, tí kò gé wáyà, tí kò sì yára sọ pé ayé ni. Ọmọ tí ó dúró, tí ó béèrè pé kí ni ariwo yìí ń wí, ta ni ó rán an, báwo ni mo sì ṣe lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í hù bí ewéko. Ẹnì kan ni yóò mú un lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, tí yóò po omi ọṣẹ sínú agolo, tí yóò sì wí fún un pé, "Fi sí ibí yìí, kí o wò ó bóyá yóò hó."

Ní ti awakọ̀ wa àárọ̀, bí ó bá ti tọ́tù ọwọ́ rẹ̀ padà, tí ó sì wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò ní òru, kò ní ra pọ́ọ̀ǹpù tuntun. Fèrè rẹ̀ yóò máa dákẹ́ nígbà tí ó yẹ, yóò sì máa ké nígbà tí ó yẹ. Ajá tí ó bá gbọ́ fèrè ọdẹ, ilé ni yóò sùn.